Òjò Ìrọ̀lẹ́, Òjò Ìdájí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí rọ̀ lónìí, orí bẹ́díṣíìtì ọsibítù ló sì yàn láti rọ̀ sí. Gbogbo rẹ̀ wà lórí okùn, ó ku díẹ̀ kó gbẹ. Láti àárọ̀ ni oòrùn ti ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ roro. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn òkè, mo ní ọkọ̀ akẹ́rù ni. Kí n tó gbé bàsíà ọwọ́ mi kalẹ̀, ó ti dé. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sáré kiri àgbàlá, à ń já aṣọ lórí okùn, péègì ń ta lù wá lójú. Èyí tí a kó wọlé kò fi nǹkan kan sàn ju èyí tí a fi sílẹ̀ síta lọ.

Àárọ̀ ọ̀la ni Mátírọ́ọ̀nù ń retí wọn. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún wa lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ọsibítù náà fún wa pé òun ń dán wa wò ni, títí oṣù kẹfà yóò fi parí. Bí aṣọ bá ń dé ọ̀dọ̀ òun ní gbígbẹ, iṣẹ́ di tiwa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìfọṣọ ńlá tó wà ní ìgboro ti ń kan ilẹ̀kùn òun. A ò sì ní oníbàárà mìíràn tó tó ohun tí à ń pè ní oníbàárà.

Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ilé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Ìyàwó ọmọ náà kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń kó bọ̀ láti etí òkun, Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ó sàn kí òun fọ aṣọ títí ọwọ́ òun yóò fi bó ju kí òun jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n máa yọjú béèrè bóyá òun ti jẹun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra nínú ara mi pé kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi.

A fi áyọ́ọ̀nù lé omi inú aṣọ náà títí iná fi lọ. Iná lọ ní àárín iṣẹ́, bí ìṣe rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mátírọ́ọ̀nù kò jẹ́ kí n kí òun tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ tó wà lókè, ó kan ti àárín, ó wò mí.

"Ó tutù."

"Ẹ má bínú mà. Òjò àná ló..."

"Òjò wo?"

"Òjò ìrọ̀lẹ́ àná, mà."

"Ìyá, mo wà níbí lánàá. Aṣọ tèmi wà níta títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí ẹ̀kán omi kan. Ẹ sọ pé ẹ ò tètè fọ̀ ọ́, yóò yé mi. Ẹ má fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Òkè kan ṣoṣo ló wà láàárín àgbàlá wa àti etí adágún tí ọsibítù wà. Dírẹ́bà wọn tó ń kó aṣọ kì í tíì gbọ́ orin méjì tán lórí rédíò kó tó dé ibẹ̀. Òjò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù wa lọ, ẹnìkan dojú kọ mí, ó ní kò sí i! Mo délé, inú ń bí mi débi pé ilẹ̀ tí mo ti gbá ni mo tún gbá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò. Aago mẹ́rin. Aṣọ wà lórí okùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo dá a lábàá lónìí. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, nítorí mo mọ irú ènìyàn tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa sá aṣọ láàárọ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká máa sá a sínú kànga.

"Kí ni Màmá kọ́ wa?"

Mo mọ ohun tí Màmá kọ́ wa. Kò sí ẹni tó dàgbà nínú àgbàlá yẹn tí kò lè kà á lójú oorun: ẹni tó bá sá aṣọ kí oòrùn tó kan àtàrí, òjò ni yóò bá a ṣan án. Ìdájí ni òjò etí òkun máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò máa fọ́n wínníwínní títí ọwọ́ ìyálẹ̀ta, lẹ́yìn náà oòrùn yóò gba ojú ọ̀run títí di alẹ́. Ọ̀sán gangan ni a máa ń sá aṣọ níbẹ̀. Òfin yẹn ni Màmá fi fọ aṣọ tó fi tọ́ wa. Òun náà ni a dì mọ́ ẹrù wá síbí.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ibí kì í ṣe etí òkun."

"Òjò ni òjò ń jẹ́. Àkọ́rọ̀ ló ń ṣe ségesège báyìí, yóò tò tó bá yá. Ìwọ Alárìíwísí yìí, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Mo fẹ́ sọ fún un pé bí a ṣe ń bá a lọ yìí, àkísà náà ni yóò kù sí wa lọ́wọ́. Mi ò sọ ọ́. Mo ní ọmọ ní yunifásítì o, ṣùgbọ́n bí Ẹ̀gbọ́n mi bá ti yọ òwe sí mi, mo ti di ọmọ ọdún méje nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Dírẹ́bà ọsibítù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kò-sí-Wàhálà, kó aṣọ ìdọ̀tí dé láàárọ̀. Omi ń ro tótó lára gbogbo àpò.

"Kí ló dé?"

"Òjò ni, ìyá. Òjò ìdájí."

"Òjò ìdájí wo? Ìdájí yìí kan náà tí mo jí, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú?"

"Lọ́dọ̀ tiwa ni o. Ó rọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ gbé adágún lọ. Ẹ má dààmú, kò sí wàhálà."

Wàhálà wà. Ìdọ̀tí tó ti rin sínú aṣọ láti orí ìrìn àjò kì í fẹ́ jáde mọ́, apá mi ló sì ń bá a jà. Mo sọ fún un pé ó fọ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wa lẹ́yìn rẹ̀ ni, kó má fi òjò parọ́. Ẹ̀rín ló ń rín. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń bú u.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọṣẹ ti gbówó lórí, búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun náà ti tẹ̀lé e. Ẹni tó ń tà á ní òjò ló fà á. Kí ni òjò fi ọṣẹ ṣe?

Tíṣà tó ń gbé yàrá òkè bá mi níbi tí mo ti ń bá ojú ọ̀run jà ní ìrọ̀lẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn, ó ní kí n má bínú sí òjò, pé ó ní ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ ni oòrùn ti ń gbóná mọ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè, òkè tó wà níwájú wa yìí á tún máa tì í lọ sókè. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu ti kún, kò lè gbà mọ́, yóò dà á sílẹ̀.

"Omi yàtọ̀, ìyá. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Lóru tí ilẹ̀ bá ti tutù, orí omi ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tútù á máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ bá a. Ìdí nìyẹn tí òjò adágún àti ti etí òkun fi máa ń rọ̀ ní òru mọ́ ìdájí. Àwọn ibòmíràn tún wà tó jẹ́ pé òjò tó gbéra lórí òkè gíga nírọ̀lẹ́ ni yóò rìn títí, yóò di ọ̀gànjọ́ kó tó kàn wọ́n ní pẹ̀tẹ́lẹ̀."

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀kọ́ yìí ń gbẹ aṣọ?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Ẹ bá mi ṣa péègì yẹn."

Mo rò ó nígbà tó lọ tán. Èyí tó kan ọ̀dọ̀ wa, mo gbà á gbọ́. Ti adágún yẹn, ó jọ pé ó fẹ́ fi gbèjà Kò-sí-Wàhálà ni. Mo ro èyí tó kan ọ̀dọ̀ wa fún Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní aṣọ ta ni Tíṣà ti fọ̀ rí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Rédíò ní òjò yóò rọ̀ "ní àwọn ibì kan, ní àwọn àkókò kan." A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi náà lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mátírọ́ọ̀nù pè mí lórí fóònù. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ó ní obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sùn lórí bẹ́díṣíìtì wa lóru àná. Òtútù mú un títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì pe nọ́ọ̀sì kankan, nítorí ó rò pé òun ló tọ̀ sára. Ojú ń tì í. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ibùsùn rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n tó mọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i, ìyá. Mi ò tún ní pè yín láti ṣàlàyé."

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó tún gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ fọ̀, ó fi omi gbígbóná sí i, ó ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó bo bàsíà, ó jókòó tì í, ó ń dúró de ọ̀sán kó tó sá a. Oòrùn àárọ̀ ń ràn lé e lórí níbi tó jókòó sí. Mo wọ yàrá lọ, mo fi orí mọ́ ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ ra búlúù ní kùtùkùtù. Bó ṣe yí kọ́nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ. Gbogbo okùn kún. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn, oòrùn ń lù wọ́n, inú mi dùn débi pé mo kọrin. Mo wọlé lọ wẹ̀.

Ìgbà tí mo jáde, okùn ṣófo.

Ó ti padà dé. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ti kì wọ́n sínú bàsíà, ó ti fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀.

"Mo ti bá ọ gbà á lọ́wọ́ òjò," ni ó wí.

Mo wo òkè. Kò sí ìkùukùu kan tó tó ohun tí a fi ń nu imú.

Ọ̀sán tó, a sá a. Kò tíì tó aago mẹ́rin tí òjò fi dé. Mo dúró sínú rẹ̀, mo pariwo: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ba ayé wa jẹ́!"

Ó gbé àwọn aṣọ tó wà léjìká rẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀.

"Èmi lò ń pariwo mọ́? Èmi tí mo pọ̀n ọ́?"

A fi àwọn aṣọ náà sílẹ̀ níbẹ̀, a wọlé, oníkálukú sí yàrá tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

A ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ti bẹ Mátírọ́ọ̀nù pé kó fún wa ní ọjọ́ kan sí i, mo ní omi ẹ̀rọ ló dá. Irọ́ gidi nìyẹn, òun ló sì gbà gbọ́.

Láàárọ̀ yìí: "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi pé ọṣẹ ti tán." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà.

"Tíṣà, ẹ bá mi dá Ẹ̀gbọ́n mi lóhùn pé ojú mi kò fọ́."

Tíṣà tètè lọ síléèwé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹjọ́ mi sun Màmá. Àgbà obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ó pe ìyá wa létí òkun lórí fóònù, ó sì tú ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́ bí wọn yóò ṣe bá mi wí.

"Màmá, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó ń pariwo lé mi lórí. Ó ní ká máa sá aṣọ láàárọ̀."

"Ìgbà wo ni òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, mà."

"Ìgbà wo lẹ wá ń sá aṣọ?"

"Ọ̀sán, mà. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa."

Mo rò pé fóònù ti já. Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ di òjò ọ̀dọ̀ mi mọ́ ẹrù lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Ẹ gbọ́. Níbi tí wọ́n bí mi sí, ìrọ̀lẹ́ ni òjò ń rọ̀. Kùtùkùtù ni ìyá tèmi ń sá aṣọ. Nígbà tí mo wá fẹ́ bàbá yín, kùtùkùtù ni èmi náà ń sá aṣọ gbogbo ilé ọkọ mi. Òjò á pa á, màá tún un fọ̀. Òjò á tún pa á. Wọ́n ní ìyàwó tuntun ò mọ aṣọ fọ̀. Ìyá ọkọ mi ló pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní, 'Ọmọ mi, ẹni tó bá sá aṣọ kí oòrùn tó kan àtàrí, òjò ni yóò bá a ṣan án.' Ọ̀rọ̀ wọn ni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, nítorí mo rò pé wọ́n ń sọ pé ìyá mi ò kọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka nu ojú fóònù.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Mo wà níbí, mà."

"Má pariwo lé ẹ̀gbọ́n rẹ lórí mọ́."

Ìbáwí tèmi náà nìyẹn. Mi ò mọ ẹni tó jàre nínú wa mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Ìró péègì ló jí mi. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ti sá ìdajì, kò wojú mi, ó kàn fi ẹsẹ̀ ti bàsíà kejì sọ́dọ̀ mi.

Gbogbo rẹ̀ gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán. Nígbà tí òjò dé, a gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, a ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ó ní, "Máa rọ̀."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ibà ti gba ìlú, ọsibítù kún, aṣọ tí wọ́n ń kó wá ti di ìlọ́po méjì. Okùn wa gba ti àárọ̀ nìkan. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣe gbẹ tí a kó ìkejì síta, òkè ti ń kùn. A ti so okùn mọ́ fèrèsé Tíṣà. A ti so mọ́ ẹnu géètì. Lánàá mo fi orí gbá táwẹ̀lì tútù nínú òkùnkùn, mo pariwo olè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìdajì gbẹ, ìdajì tutù. Mi ò kó èyí tó tutù lọ. Mátírọ́ọ̀nù ka èyí tó dé. Ó ní kí n wá rí òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ní ọ̀pọ̀ láti kọ, ọwọ́ mi sì ń ro mí.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo bá Kò-sí-Wàhálà sọdá òkè láti lọ rí Mátírọ́ọ̀nù. Òjò tiwa bá wa lójú ọ̀nà, igi wó lẹ́yìn wa, kò sí bí a ṣe lè padà. Ilẹ̀ sì gbẹ wáí ní etí adágún. Mátírọ́ọ̀nù ti lọ sílé, wọ́n ní ó di ọ̀sán ọ̀la. Wọ́n fún mi ní ibùsùn nínú yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Mo fọ bùláòsì mi, mo fi kọ́ fèrèsé níta. Ọ̀run mọ́ kedere, kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù?

Ìdájí ni àrá sán. Òjò ya láti orí omi bí odò tó ya bèbè. Ó rọ̀ títí oòrùn fi yọ, bùláòsì mi sì wà lórí koríko lẹ́yìn ilé. Aṣọ nọ́ọ̀sì kan tó tóbi jù mí lọ ni mo wọ̀ jáde. Kò-sí-Wàhálà dúró ti ọkọ̀, àpò aṣọ ìdọ̀tí ń ro omi lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ṣé mo fọ ọkọ̀ ni?"

Mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí wàhálà. Ẹni eji rí ni eji ń pa. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń bú ọkùnrin yìí.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí Mátírọ́ọ̀nù tó ráyè fún mi. Oòrùn gbóná nínú ọ́fíìsì rẹ̀ débi pé ó ti ṣí gbogbo fèrèsé. Ó ti ní ìwé ilé ìfọṣọ ìgboro lórí tábìlì, kò sì fi pamọ́.

"Ìyá, mo mọ̀ pé ẹ ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni òjò, òjò. Ẹ wo ìta. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mi ò rí òjò ọ̀sán tó tó nǹkan rí."

Mo wo ojú fèrèsé. Òkè ti dúdú bíi ìdí ìkòkò, ó sì ti lé ní aago mẹ́rin díẹ̀. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa fóònù yọ, mo pe Ẹ̀gbọ́n mi, mo tú ohùn rẹ̀ síta, mo gbé e sórí tábìlì láàárín wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dáadáa ni?"

Ariwo páànù ló kọ́kọ́ jáde. Òjò ń lu páànù wa gbàràgbàrà, ó kún inú ọ́fíìsì náà, ìwé orí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ̀n. Láti inú rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kígbe: "Kí lo wí? Mi ò gbọ́! Òjò! Mo ní òjò ni! Okùn ti já lẹ́nu géètì! Sọ fún obìnrin yẹn kó ṣe sùúrù fún wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́!"

Fóònù já. Mátírọ́ọ̀nù dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó na ọwọ́ rẹ̀ síta sínú oòrùn, ó fà á padà.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lójoojúmọ́?"

"Láti àkọ́rọ̀ ni, mà."

"Mo sì pè yín ní onírọ́."

Mi ò sọ pé kò burú, nítorí ó burú. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí ilẹ̀ gbalasa kan wà láàárín ọsibítù àti adágún, koríko nìkan, tí oòrùn ń lù ú láìsí ohun tó ń ṣíji bò ó. Mo la ẹnu, mo ní, "Mà, ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ta ló ń lò ó lọ́sàn-án?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Káfíńtà ọsibítù ti ri òpó, okùn ti wà. Bí a ṣe pín in nìyí: ti àárọ̀, a sá a níbí. Èyí tí a bá fọ̀ tẹ̀lé e, Ẹ̀gbọ́n mi á bá ọkọ̀ Kò-sí-Wàhálà gbé e ní tútù sọdá òkè, á sá a níbẹ̀ lọ́sàn-án, á kó o fún wọn ní gbígbẹ.

Ó padà dé lónìí, ojú rẹ̀ ń dán.

"O mọ̀ pé ọ̀sán ni wọ́n ń sá aṣọ níbẹ̀?"

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sọ fún yín."

"Ọ̀sán gangan! Kí oòrùn kan àtàrí. Bí ìgbà tí a wà nílé gẹ́lẹ́."

Ó sọ ọ́ títí a fi jẹun tán. Òun ló tún wá ń ṣàlàyé òjò fún Tíṣà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sí aṣọ tútù kankan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè máa wò ó.

Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ àwọn tó ń nu ilé ní ọsibítù ní òfin Màmá. Kò-sí-Wàhálà ti fi kọ orin, ó kọ ọ́ fún mi láàárọ̀. Mo ní kó dákẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀gbọ́n mi sùn níbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ti ṣú jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Ó tún sùn níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ọ̀sẹ̀ yìí. Ilẹ̀ ò tètè ṣú nígbà yìí o, mo mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

Iṣẹ́ ti di tiwa. Mátírọ́ọ̀nù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó. Mo sáré lọ sẹ́yìn ọsibítù kí n lè sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà láàárín okùn, aṣọ funfun ń fẹ́ ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ó ti gbọ́.

Ó mú mi wọ yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Ibùsùn wà níbẹ̀, fèrèsé kan kọjú sí omi. Ìborùn rẹ̀ wà lórí ìṣó.

"Ó yẹ kí ẹnìkan máa wà níbí," ni ó wí.

"Ẹ lè máa lọ kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ọ̀nà ò jìn."

"Ọ̀nà ò jìn."

"Kí ló wá dé?"

Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn. "Àbúrò mi, má bínú. Tí òjò ìdájí bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ níbí, mo máa ń sùn bí ọmọdé. Láti ìgbà tí a ti kúrò nílé, mi ò sùn bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni."

Gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta pariwo lé lórí kò ju kí obìnrin yìí má bàa kó ẹrù kúrò nílé mi. Èmi náà ni mo fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀ yìí. Inú bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá jà. Mo ní yàrá náà dára. Mo ní kó má ṣe ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní ìdájí, omi á wọlé bá a. Ó ní ó mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Kò-sí-Wàhálà wá kó àpótí rẹ̀ àti àga rẹ̀ láàárọ̀. Ó fi bàsíà ńlá sílẹ̀ fún mi.

Aṣọ gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bẹ́díṣíìtì ńlá ti wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, ènìyàn méjì ló ń ká a. Mo di etí méjì mú, mo na ìyókù síwájú, mo dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á. Mo fi àgbọ̀n di àárín rẹ̀ mú, mo fi eyín di etí kan, mo ká a. Ó wọ́. Mo tú u palẹ̀, mo tún un ká, ó tún wọ́.